Òfin Tí Wọ́n Sọ Ní Delphine

Ní ìlú tiwa níhìn-ín, bí ìyà bá jẹ èèyàn níwọ̀nba, àwọn aládùúgbò á gbé oúnjẹ wá, àlùfáà á gbàdúrà, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyà náà bá pọ̀ débi tó ṣeé yà ní fọ́tò, àwọn aṣòfin á dé, wọ́n á fi orúkọ ẹni tí ìyà jẹ sọ òfin. Mo ti rí òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ tí mọ́tò gbá. Mo ti rí èyí tó ń jẹ́ orúkọ ajá. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á kan ilẹ̀kùn aládùúgbò mi, tí wọ́n á ní orúkọ tirẹ̀ ló kù.

Irma Pacholski ni mí, opó ni mí, Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio sì ni mò ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Delphine Sobczak ni ẹnì kejì mi, ọgbà kan ṣoṣo ló pààlà ilé wa. Ilé-iṣẹ́ dígí kan náà ni ọkọ mi àti Leonard ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Leonard yìí ló yọ ọpọ́n ìwẹ̀ àtijọ́ kúrò nílé, tó gbé e dúró ní òòró níwájú ìta, tó ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó kun inú rẹ̀ ní àwọ̀ ojú ọ̀run, tó sì gbé ère Màríà sínú rẹ̀. Ilé tó ní irú rẹ̀ pọ̀ ní òpópónà wa. Èmi náà ní tèmi, àmọ́ tèmi ti dípẹtà, Delphine kì í sì í yéé fi bú mi.

Nígbà tí Leonard kú, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan wá láti ilé-iṣẹ́ ayánilówó tí wọ́n ń pè ní Sunny Hearth. Ó jókòó sídìí tábìlì Delphine, ó ń jẹ pìrógì, ìyẹ̀fun sísè tí Delphine fi kábéèjì sínú rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tọkàntọkàn, ojú mi ló ṣe.

Ó ní, "Màmá, ilé tí ọkọ yín ti san owó rẹ̀ tán yìí, ó kàn jókòó lásán ni, kò ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ ká rán an níṣẹ́."

Bí wọ́n ṣe rán ilé níṣẹ́ nìyẹn, tí ilé ò sì padà wálé mọ́. Ìwé tí Delphine fi ilé náà yáwó, tó buwọ́ lù lọ́jọ́ náà, nípọn ju Bíbélì lọ. Ọkùnrin yẹn ń ṣí i fún un lójú-ewé lójú-ewé, ó ń ní, "Ibí yìí, Màmá. Àti ibí yìí." Fún ọdún méjì, owó tó ń san lóṣù kò ni ín lára. Nígbà tó di ọdún kẹta, èlé gbéra sọ. Ohun tó yẹ kó san lóṣù wá ju gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ. Ó tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n ní òun ló buwọ́ lù ú. Irọ́ kọ́, òun ló buwọ́ lù ú.

Ó lọ bá lọ́yà tí ìjọ wa máa ń bẹ̀ fún àwọn tí kò lówó. Lọ́yà náà yẹ ìwé wò, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyáàfin Sobczak," ó ní, "òfin àtijọ́ kan wà. Ẹni tó bá fi ilé tó ń gbé yáwó báyìí, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti yí ọkàn padà, kó sì fagi lé e. Wọn ò bi í pé kí nìdí."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi."

"Ó wà nínú ìwé yín. Ààrin gbùngbùn ló wà."

Ó dùn ún ju ikú Leonard lọ, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ka òfin yẹn sórí bí ẹni ń ka rosárì. Nígbà tí kò rówó san mọ́, kóòtù dá ọjọ́ gbàǹjo ilé rẹ̀ sí oṣù kẹfà.

Inú oṣù kejì, nígbà tí yìnyín ṣì bo ilẹ̀, ni Todd Brandewie dé. Aṣòfin ni, ó mọ́ tónítóní, eyín rẹ̀ ń dán. Ó ní òun ti kọ àbádòfin kan tí yóò fi ìjánu sẹ́nu àwọn tó ń fi ilé aláìní ṣe òwò, ohun kan ṣoṣo tó sì kù fún àbádòfin náà ni ojú.

"Delphine," ó ní, "ojú yín ni mo ti ń wá."

Ọmọ tí a lè bí, ó ń pe orúkọ mọ́ ọn lórí.

"Ojú mi?" Delphine ní. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá a gbẹ̀yìn."

Ó ṣàlàyé fún wa. Ayánilówó ò ní lè sọ èlé sókè lójijì mọ́. Kí wọ́n tó ta ilé ẹnikẹ́ni ní gbàǹjo, wọ́n gbọ́dọ̀ bá ẹni tó yáwó jókòó níwájú adájọ́, kí wọ́n wá ọ̀nà tó fi lè máa san díẹ̀díẹ̀. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé àti gbèsè tuntun, àti gbèsè tó ti wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló kàn.

Delphine bi í léèrè ẹyọ kan. "Ṣé ó kan ilé tèmi?"

"Ilé yín gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ kọ ọ́."

Ni wọ́n bá bọ́ síta, wọ́n gbé Delphine dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n Màríà kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ayàwòrán ní kó fajú ro díẹ̀ sí i.

"Irma, báwo ni kí n ṣe é?"

Mo ní, "Rántí bí àbúrò Leonard ṣe kọrin níbi ìsìnkú."

Ó bú sẹ́rìn-ín, fọ́tò sì bàjẹ́. Ìgbà tí òtútù wọ̀ ọ́ lára tán ni wọ́n tó rí èyí tí wọ́n ń wá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Òfin Delphine ti wà nínú ìwé ìròyìn.

Nínú oṣù kẹta, mo fi mọ́tò Buick mi gbé e lọ sí Columbus, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, kó lè sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn Àjíǹde ló wọ̀. Mo rò pé ẹ̀rù á bà á, ṣùgbọ́n ó fà gbohùngbohùn mọ́ra bí ẹni fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù.

"Mi ò wá tọrọ owó," ó ní. "Mo yá a, màá san án. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí iye tí mo gbà láti san má ṣe yí padà nígbà tí mo bá sùn tí mo jí. Mi ò ní ilé mìíràn, mi ò sì bímọ tí mo lè lọ bá. Mo fẹ́ kú sínú yàrá tí ọkọ mi kú sí. Ó tán."

Alága ìgbìmọ̀ nu ojú. Akọ̀wé nu ojú. Ẹni tó sunkún jù lọ ni ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, Chip Hollister lorúkọ rẹ̀, tí àwọn ayánilówó ń sanwó fún kó máa bá àwọn aṣòfin ṣọ̀rẹ́. Aṣọ ìnujú rẹ̀ rin gbindingbindin. Àwọn àgbà sì ti ní bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Hollister ríran dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ó wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di Delphine lọ́wọ́ mú. "Màmá, ìyá tó bí mi náà ń jẹ́ Delphine. A fara mọ́ òfin yìí, kò kù síbì kankan. Àtúnṣe kékeré kan péré la fẹ́."

Mo padà gbọ́ pé Peggy ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́.

Àtúnṣe kékeré yìí lọ, ó bí ọmọ. Lójoojúmọ́ ni aṣòfin kan ń dìde, tí á gbọ́wọ́ lé àyà, tí á ní, "Ní ìbọ̀wọ̀ fún Delphine." Ní ìbọ̀wọ̀ fún Delphine, kí wọ́n yọ adájọ́ kúrò níbẹ̀, kí ìyá àgbàlagbà má bàa máa wọ́ ara lọ sí kóòtù. Ní ìbọ̀wọ̀ fún Delphine, kí èlé lè fò sókè, ṣùgbọ́n kí ayánilówó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà tó ní ọ̀rọ̀ ìtùnú nínú. Ọ̀kan dìde, ó ní láti bọ̀wọ̀ fún Delphine, kí wọ́n dín owó orí àwọn tó ni pápá gọ́ọ̀fù kù. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èyí tó kẹ́yìn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní kí òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó ń bọ̀, kó má sì kan gbèsè tí ẹnikẹ́ni ti jẹ ṣáájú ìgbà náà. Ìbò tí wọ́n dì, ẹnì kan ṣoṣo ò lòdì sí i. Brandewie gan-an nawọ́.

Orí àga àwọn àlejò la jókòó sí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, mo dúró sí iwájú Brandewie.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dá mi lóhùn ẹyọ kan. Ṣé ó ṣì kan ilé Delphine?"

"Irma, ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló kàn."

"Delphine ò bímọ."

"Ohun tí Delphine dúró fún ló kàn."

"Abẹ́ òrùlé tó ń jò ni Delphine dúró sí."

Delphine ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé e tán, ó gbójú sókè. "Ẹ dá orúkọ mi padà fún mi," ó ní.

"Ẹ gbọ́ ná, Delphine…"

"Ìyáàfin Sobczak. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára nǹkan yín. Orúkọ ìyá ìyá mi ni. Ó gbé e nínú ọkọ̀ ojú omi láti Poznań ní ilẹ̀ Poland, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun nìkan ni ẹrù tó gbé wá. Bí ẹ bá lè gba ilé mi lọ, ẹ gbà á. Ẹ ò ní fi orúkọ ìyá àgbà mi bo ìhòòhò Sunny Hearth."

Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà, mo sì tún bú sẹ́kún nínú mọ́tò, nítorí ohun tó gbé sọ nù yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdààmú bá ọ́fíìsì Brandewie. Wọ́n ti tẹ báàjì, wọ́n ti tẹ pátákó, wọ́n ti kọ ọ́ sára ife kọfí, àwọn tó ń sanwó fún Hollister ló sì ná gbogbo owó náà. Ẹ ó rò pé wọ́n á yí orúkọ òfin padà. Rárá o. Delphine mìíràn ni wọ́n lọ ń wá. Àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù yí gbogbo ìpínlẹ̀ ká, wọ́n ń béèrè Delphine bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọ nù. Wọ́n rí ọ̀kan létí odò Ohio ní apá gúúsù, opó kan tó ń jẹ́ Delphine Umbarger. Ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ ló ń gbé, kò sì yá owó rí, kò tiẹ̀ yá ṣúgà. Ìyà kan ṣoṣo tí wọ́n rí tó jẹ ẹ́ ni pé gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ dí, tó sì ti kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí ìjọba. Wọ́n ní ó tó bẹ́ẹ̀. Nínú fọ́tò tí wọ́n ti yà, wọ́n gé Delphine tiwa kúrò, wọ́n dá ilé rẹ̀ àti Màríà inú ọpọ́n sí.

Ọjọ́ tí gómìnà máa buwọ́ lu òfin bọ́ sí oṣù karùn-ún. Delphine ní ká lọ.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" mo bi í.

"Mo fẹ́ rí ẹni tó ń jẹ́ èmi."

A dúró sẹ́yìn. Gómìnà to bírò síwájú ara rẹ̀, ó ń fi ọ̀kan kọ lẹ́tà kan nínú orúkọ rẹ̀, á gbé e fún ẹnì kan, á mú òmíràn. Bírò àkọ́kọ́ ló fún Ìyáàfin Umbarger, obìnrin kúkúrú kan tó wọ aṣọ òdòdó. Èkejì ló fún Hollister. Hollister tún ń sunkún.

Wọ́n kó gbogbo èèyàn lọ síbi oúnjẹ ọ̀sán. Delphine rìn tààrà lọ sídìí tábìlì Ìyáàfin Umbarger, ó jókòó tì í, ó sọ orúkọ ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ń jẹ́ Delphine?" Ìyáàfin Umbarger rọ̀ mọ́ ọn. "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò bá òmíràn pàdé rí. Ẹ tọ́ páì yìí wò, páì wọn dáa ju adìẹ wọn lọ. Àwọn èèyàn yìí mà mọ aájò ṣe o. Ẹ rí ọmọ tó wọ táì búlúù yẹn, òun ló máa fi mọ́tò gbé mi délé."

Mo wo ibi tó nawọ́ sí. Ẹ̀gbẹ́ Hollister ni ọmọ náà dúró sí.

"Ọmọ ta ni?" mo bi í.

"Sunny Hearth ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó béèrè ilé mi, mo ní òrùlé ń jò díẹ̀. Ó ní ilé mi kàn jókòó lásán ni, kò ṣiṣẹ́ kankan."

Delphine gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Kí lẹ dá a lóhùn?"

"Mo ní kó rán an níṣẹ́. Obìnrin tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé àdéhùn wà pẹ̀lú rẹ̀, inú báàgì ló ń gbé òǹtẹ̀ kiri, ẹ ò rí i pé wọ́n létò? A ti ṣe é tán kí wọ́n tó gbé páì dé. Bírò gómìnà ni mo fi buwọ́ lù ú." Ó wo ojú wa. "Kí ló dé? Ṣebí òfin tuntun yìí á dáàbò bò mí?"

"Ó di oṣù kìn-ín-ní," mo ní.

Delphine ti àwo rẹ̀ sápá kan. Mo rò pé á pariwo. Mo mọ ohun tí èmi ì bá ṣe: páì yẹn ì bá ti wà lójú Hollister. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ síwájú Ìyáàfin Umbarger.

"Ẹ yá mi ní bírò yẹn."

Ó yí ìwé ètò ọjọ́ náà sẹ́yìn, níbi tí kò sí àwòrán gómìnà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. "Òfin kan wà," ó ní bó ṣe ń kọ ọ́. "Ó ti gbó. Kò jẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni, wọn ò tẹ̀ ẹ́ sára ife. Ó ní ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti yí ọkàn yín padà. Èmi ò mọ̀ títí tó fi kọjá. Ṣé ẹ fẹ́ yí ọkàn padà?"

Ìyáàfin Umbarger wo ọmọ tó wọ táì búlúù, ó tún wo Delphine. "Ilé bàbá mi ni," ó ní. "Ẹ jẹ́ n buwọ́ lù ú."

Àwọn méjèèjì jọ dìde, wọ́n gbé ìwé ìfagilé náà lọ bá ọmọ yẹn. Èmi tẹ̀ lé wọn.

"Ṣé ẹ ò ní rò ó wò ná, Màmá?" ọmọ náà ní.

"A ti bá a rò ó," Delphine ní. "Gbà."

Ó gbà á. Gómìnà ń kọjá lọ lásìkò yẹn. Ó rí ìyá àgbàlagbà méjì tó ń na ìwé sí ọmọ Sunny Hearth, ó rò pé ìwé ọpẹ́ ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Nígbà tí gómìnà pàtẹ́wọ́, ta ni kò ní pàtẹ́wọ́? Fọ́tò náà jáde lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Delphine dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ayánilówó. Àwa la fi Buick gbé Ìyáàfin Umbarger délé. Lójú ọ̀nà, Delphine ní ká dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó tún ìwé náà kọ, Ìyáàfin Umbarger buwọ́ lù ú, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Sunny Hearth, Delphine sì ní kí wọ́n fún òun ní rìsíìtì, nítorí kì í jẹ irú ìyà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù kẹfà dé, wọ́n ta ilé Delphine. Mo dúró tì í ní kóòtù. Àkókò tí wọ́n fi tà á kò tó èyí tí mo fi ń yan ẹyin ní ọjà. Sunny Hearth fúnra rẹ̀ ló rà á, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún koríko. Bí wọ́n bá ní ilé tí èèyàn ń gbé jókòó lásán, kò ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n á wá pe ilé yẹn?

Ìyáàfin Umbarger ti pè ṣáájú ọjọ́ náà. Ó ní òun ní yàrá mẹ́rin àti ológbò kan, kí Delphine wá máa bá òun gbé, òun ò sì fẹ́ gbọ́ rárá. Àwọn ọkùnrin òpópónà wa hú ọpọ́n Màríà tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ ẹlẹ́rù ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Delphine sì jókòó síwájú pẹ̀lú kóòtù Àjíǹde lára nínú ooru. Kò wẹ̀yìn. Èmi ni mo dúró tí mò ń wo ihò tó kù níwájú ilé, mo sì sunkún bí ọmọdé. Títí di òní, bí mo bá se kábéèjì, mo ṣì máa ń gbé àwo kejì jáde kí n tó rántí.

Nínú oṣù kẹwàá, tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, mọ́tò kan dúró síta. Brandewie bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ayàwòrán rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò níwájú ilé tí Òfin Delphine gbà là. Wọ́n rí koríko tó dé orúnkún, wọ́n rí pákó lójú fèrèsé, wọ́n rí ihò tí omi òjò kún inú rẹ̀. Ni ó bá wá kan ilẹ̀kùn mi.

"Irma, Delphine dà?"

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí òfin gbà là."

"Kò sí nínú àwọn méjèèjì. Ilé kan náà ni wọ́n wà, gọ́tà ibẹ̀ sì ṣì dí."

Kò gbọ́. Ojú rẹ̀ ti kúrò lára mi, ó ń wo ọpọ́n tèmi tó dípẹtà pẹ̀lú Màríà inú rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ wọn ọ̀nà tí fọ́tò á gbà wọlé.

"Irma," ó ní jẹ́jẹ́. "Òfin Irma. Ó dùn létí o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fi ilé yìí yáwó rí?"

Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo gbé àkàbà ti ògiri, mo sì gun òkè lọ wo òrùlé mi.